Àpótí Ìwé Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Bí A Ṣe Ń Di Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀

Àpótí ìwé kò wọ́n n'Íbàdàn. Láti Ọjà'ba, kí a gun òkè Màpó, kí a já sí Bẹẹrẹ, kí a padà sọ̀ sí Bẹyẹrunka, agbo ilé tí kò ní ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì olórí ẹbí kò pọ̀. Ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì owó orí wà níbẹ̀, ìwé ìdájọ́ kóòtù, fọ́tò ọjọ́ tí bàbá jẹ mọ́gàjí, ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kọ wálé nígbà tó ń ṣòwò lókè ọya. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó mọ bí a ti ń tọ́jú wọn tí wọn ò fi níí bàjẹ́, tí ẹni tó bá sì nílò ọ̀kan nínú wọn yóò fi rí i láìjẹ́ pé ó tú gbogbo ilé.

Iṣẹ́ ni ìtọ́jú àkọsílẹ̀, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ àti owó oṣù bí iṣẹ́ yòókù. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìtàn, tó ní sùúrù, tí kì í fi ọwọ́ líle mú nǹkan, ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò níí sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ gba fọ́ọ̀mù yunifásítì. Àpótí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ láíbìrì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Ìwé inú láíbìrì máa ń ní ìkejì: bí ẹ̀dà Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akinyẹlé tẹ̀ jáde ní 1911 bá sọnù ní láíbìrì kan, a lè wá òmíràn lọ síbòmíràn. Fáìlì tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ èrò rẹ̀ sí nípa ẹjọ́ ilẹ̀ kan l'Ọ́jà'ba kò ní ìkejì. Bí ikán bá jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, òṣìṣẹ́ láíbìrì a máa fi ohun tí ìwé dá lé tò ó: ìtàn níhìn-ín, ìṣègùn lọ́hùn-ún. Olùtọ́jú àkọsílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ìwé, tàbí ọ́fíìsì tó kọ ọ́, ni ó ń wò kó tó mọ ibi tí yóò gbé e sí, bí ẹni náà bá sì ti tò ó tẹ́lẹ̀ ni yóò fi í sílẹ̀. Òfin yìí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Òun náà ló ń ṣòro jù fún ọ̀dọ́ onítara, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí òun tún un tò dáadáa.

Wo Gbọ̀ngàn Màpó. 1929 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti di kíkọ́ lè rò pé fáìlì Ìbàdàn nìkan ló yẹ kí òun kà. Ṣùgbọ́n abẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìjọba òyìnbó fi Ìbàdàn sí nígbà náà, Kápútéènì Ross tó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì sì wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Ní 1934 ni Ìbàdàn tó bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, kó lọ sí Ọ̀yọ́, kó dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà Ìjọba l'Ékòó, kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì fi tirẹ̀ kún un. Ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, IBA DIV ni wọ́n kọ sára ti àkọ́kọ́, OYO PROF sára ti èkejì, CSO sára ti ẹ̀kẹta. Bí ẹnìkan bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú páálí kan tó wá kọ "Màpó" sí i lára, a ò níí mọ ẹni tó dá àbá, ẹni tó ta kò ó, àti ẹni tó fọwọ́ sí i mọ́.

Fi àpótí ilé yín kọ́ṣẹ́

Kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ìwé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo, pàápàá ìwé ilẹ̀, ní ìlú tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tètè tán. Kí olórí ẹbí daradára, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹlòmíràn nínú ilé kí ẹlẹ́rìí lè wà: "Bàbá, ìwé wọ̀nyí ò níí jáde nínú ilé yìí. Iwájú yín ni n ó ti máa kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀, èyí tí kò bá yé mi, ẹ ó bá mi ṣàlàyé rẹ̀." Bí wọ́n bá ní kí o má fọwọ́ kan èyí tó wà nínú àpò aláwọ̀ kan, má fọwọ́ kàn án. Má sì fi ojú wo ohun tí o kà nínú ìwé ẹbí gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí a ń sọ nídìí ayò.

Kí o tó gbé ohunkóhun, fi fóònù rẹ ya fọ́tò àpótí náà bó ṣe wà: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì máa ya ìdì kọ̀ọ̀kan bí o ti ń gbé e jáde. Rìsíìtì owó orí kan tí a dì mọ́ ìwé ilẹ̀ lè dà bí ohun tó ṣèèṣì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bàbá àgbà mọ̀ọ́mọ̀ dì í mọ́ ọn ni, láti fi hàn pé orí ilẹ̀ yẹn ni àwọn ń gbé nígbà tí àwọn san owó orí ọdún náà. Bí o bá yà wọ́n, ẹ̀rí ti bọ́.

Fọ ọwọ́ rẹ, kí o nù ún gbẹ. Tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí tábìlì. Gbé omi àti oúnjẹ kúrò nítòsí. Báírò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Pẹ́ńsùlù ni irinṣẹ́ rẹ, nítorí bí ọwọ́ bá ṣì, pẹ́ńsùlù ṣeé pa rẹ́. Mú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kun àwòrán, kí o fi rọra gbá eruku kúrò láti àárín ìwé lọ sí etí. Píìnì àti ìdè onírin tó ti dípẹtà, rọra yọ wọ́n, torí ìpẹtà a máa jẹ ìwé lu; ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ewé báyìí sí báyìí ló wà papọ̀, kí o wá fi bébà funfun ká wọn mọ́ra. Ìwé tó ti ká, tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ń ṣẹ́ bí o ti ń tẹ́ ẹ, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìwé tó ti bu nítorí ọ̀rinrin, fi aṣọ bo imú rẹ, gbé e sọ́tọ̀ kó má baà ran ìyókù, kí o sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lábẹ́ òjìji. Má sá a sóòrùn: oòrùn ń pa yíǹkì, ó sì ń mú kí bébà gan.

Àwọn ohun mẹ́ta kan wà tí àwọn èèyàn ń ṣe pẹ̀lú inú rere, tó sì ń ba ìwé jẹ́ ju eku lọ. Àkọ́kọ́ ni sẹ́lòtéèpù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a wọnú bébà, kò sì ṣeé yọ mọ́. Èkejì ni Òtápíàpíà tí wọ́n ń fín sórí ìwé nítorí aáyán. Epo inú rẹ̀ a tú yíǹkì ká. Bí o bá fẹ́ lo káńfọ̀, sọ ọ́ sí igun kọ́bọ́ọ̀dù, kó má fara kan ìwé. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: lámínéètì. Gbogbo ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ló fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi rọ́bà gbígbóná bò ó. Iná ẹ̀rọ náà ń sun bébà, rọ́bà náà ò sì ṣeé ṣí láìfa ìwé ya. Fọ́tókọ́pì ni kí o lámínéètì bó bá wù ọ́. Ojúlówó, inú àpò ìwé tó mọ́ ni ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kíkọ sílẹ̀. Fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà kékeré sí igun òkè ìwé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú àpótí. La ìwé àkọsílẹ̀ rẹ sí òpó òpó: nọ́ńbà, ohun tí ó jẹ́, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ sí, ọjọ́, iye ojú ewé, ipò tó wà, ohun tí àgbà ilé sọ nípa rẹ̀. Òpó tó kẹ́yìn yìí, má fi ṣeré. Àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò kan lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó kù. Fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń dárúkọ wọn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Ìwé tí kò ní ọjọ́, kọ "kò ní ọjọ́". Má fi àbá tìrẹ rọ́pò rẹ̀ bí ẹni pé ara ìwé ni o ti rí i.

Bí o bá bá ìwé Lárúbáwá pàdé, ní pàtàkì nílé àwọn àáfà tó wà yí Mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba ká, má ka gbogbo rẹ̀ sí Àlùkùránì kí o sì kó o tì. Ó lè jẹ́ ìwé ìtàn, ìwé òfin, lẹ́tà, tàbí èdè Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ní 1964, onímọ̀ ìtàn kan, John Hunwick, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún irú ìwé báyìí. Wọ́n ń yá a lọ́wọ́ onílé, wọ́n ń ya á sí fíìmù, wọ́n sì ń dá ojúlówó padà fún un. Ìlànà yẹn ṣì dára títí dòní: ẹ̀dà fún ìlú, ojúlówó fún onílé.

Níbo ni kí ìwé máa gbé? Kì í ṣe ilẹ̀. Kì í ṣe ara ògiri tí omi ń rìn, kì í ṣe abẹ́ páànù tó ń jò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ẹni tó bá rántí àgbàrá odò Ògùnpa ti 31 Oṣù Kẹjọ 1980 mọ ohun tí omi lè ṣe nílùú yìí lóru ọjọ́ kan. Gbé páálí sórí pákó tàbí sẹ́ẹ̀fù tó ga kúrò nílẹ̀. Páálí tí wọ́n kó bébà fọ́tókọ́pì wá dára ju páálí bisikíìtì lọ, torí èérún bisikíìtì ń pe aáyán.

Parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà, kí o sì fi í sí ilé mìíràn. Àwa tó ń ka ìtàn Yorùbá jẹ ẹ̀dà ní gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ti ṣe tíṣà ìjọ CMS n'Íbàdàn, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Johnson kú ní 1901. Ohun tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún gbogbo ìwé náà kọ ni àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé. Ìyẹn náà tún rí ìdààmú: inú ọkọ̀ ojú omi Appam ló wà ní 1916 nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun tí wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ló tó jáde. Ká ní Johnson da àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù lẹ́yìn tó fi ìwé ránṣẹ́ ni, kò níí sí The History of the Yorubas lónìí.

Lọ jókòó bí òǹkàwé

Nígbà tí o bá ti ṣe àpótí kan tán, wọ takisí Micra ní Bẹẹrẹ, gba Mọ́kọ́lá àti Ṣáńgò dé géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kí o béèrè National Archives nínú ọgbà. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí o lọ, ní kùtùkùtù. Mú káàdì ìdánimọ̀ dání, pẹ̀lú lẹ́tà láti ilé ìwé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ tó sọ ohun tí o ń wá, kí o sì béèrè lẹ́nu ọ̀nà bí owó bá wà láti san. Pẹ́ńsùlù àti bébà lásán ni kí o kó wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike ló dá a sílẹ̀. Ní 1951 ni ìjọba yàn án pé kó yẹ ìwé ìjọba wò káàkiri Nàìjíríà. Ó bá wọn níbi tí òjò, ikán àti àìbìkítà ti ń jẹ wọ́n. Ní 1954 ni ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀, òfin rẹ̀ jáde ní 1957, wọ́n sì kọ́ ilé tirẹ̀ sínú ọgbà Yunifásítì. Òfin tó ń darí rẹ̀ báyìí, 1992 ni wọ́n ṣe é. Enúgu àti Kàdúná náà ní ilé tiwọn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé onítàn ni Dike. Kò bẹ̀rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwé tí òun fẹ́ kà ló ń wá. Ọ̀nà yẹn ṣì ṣí.

Nígbà tí o bá wọlé, wọn yóò fi ìwé atọ́ka hàn ọ́. Wá IBA DIV, mú nọ́ńbà fáìlì kan tó kan àdúgbò rẹ, kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí o dúró dè é. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn inú rẹ̀, wo bí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀: ibi tí nọ́ńbà wà, bí ojú ewé ti tẹ̀ léra, ẹni tó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà tí èsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tún béèrè àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, irú Yoruba News tí Denrele Ọbasá bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1924, kí ojú rẹ lè mọ́ bí wọ́n ti ń kọ Yorùbá sílẹ̀ nígbà náà. Olùtọ́jú tí kò lè ka Yorùbá àtijọ́ àti ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé kóòtù yóò máa fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pe ìwé.

Ilé ẹ̀kọ́

Kò pọn dandan kí o kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní oyè àkọ́kọ́. Ìtàn, ìmọ̀ láíbìrì, èdè Yorùbá, Lárúbáwá, ìmọ̀ ìṣèlú, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ láíbìrì láti nǹkan bí 1960, ẹ̀ka náà ló wá di Library, Archival and Information Studies, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú àkọsílẹ̀ fún oyè máásítà. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò tó ti yunifásítì lè bẹ̀rẹ̀ ní polí tó ń kọ́ ìmọ̀ láíbìrì. Ará wa ní Benin àti Togo tó gbọ́ Faransé, ilé ẹ̀kọ́ EBAD ní Dakar ló ti ń kọ́ irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí fún gbogbo agbègbè náà, ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè Benin sì wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò jìnnà sí wọn.

Nílé ẹ̀kọ́, wọn yóò kọ́ ọ ní ISAD(G), ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ àgbáyé ṣe. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ohun mẹ́fà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀ ni nọ́ńbà, orúkọ ìwé, ẹni tó dá a sílẹ̀, ọjọ́, bó ti pọ̀ tó, àti ipele tí o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ (àpótí lódindi ni, àbí ìdì kan, àbí ìwé kan ṣoṣo). Àfi ti ìgbẹ̀yìn yìí, gbogbo wọn ni o ti là sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ nílé. AtoM, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. O lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, kí o sì kó àpótí bàbá sínú rẹ̀ fún ìdánrawò.

Níbi iṣẹ́

National Archives nìkan kọ́ ló ń gba èèyàn. Yunifásítì, kóòtù, ìjọ, báńkì, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, gbogbo wọn ló ní ìwé. Ilé ìwòsàn UCH ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé aláìsàn, ìbátan iṣẹ́ yìí sì ni. Láti ìgbà tí òfin òmìnira ìròyìn, tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba, ti jáde ní 2011, ọ́fíìsì ìjọba tí kò bá mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wà ń wá wàhálà fún ara rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí iṣẹ́ fi wà. Owó ìjọba kò pọ̀, ìgbéga a máa falẹ̀, eruku pọ̀, iná mànàmáná a sì máa lọ nígbà tí ẹ̀rọ ìyàwòrán bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá owó kíákíá, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Ìdánwò tó le jù kò sí nínú yàrá ìdánwò. Ní 1949, àwọn ìjòyè àti mọ́gàjí Ìbàdàn kọ ìwé ẹ̀sùn lórí Olóyè Sàlámì Agbájé, olówó ìlú, kó má baà jẹ Olúbàdàn. Ìjọba ní kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Butcher wádìí rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1951. Ọmọ Agbájé wà n'Íbàdàn lónìí; ọmọ àwọn tó fẹ̀sùn kàn án náà wà níbẹ̀. Ká ní ìwọ ló ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí o wá rí orúkọ bàbá bàbá rẹ níbi tí kò yẹ ẹ́, kí ni wàá ṣe? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ pé wàá yọ ojú ewé yẹn, iṣẹ́ yìí kò yẹ ọ́.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́ lẹ́yìn òkú, ẹ má ta ìwé olóògbé fún àwọn tó ń fi bébà pọ́n ẹ̀pà àti àkàrà. Ẹ pe ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí, ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù.